Mo yọ ₦20 fún ẹni tó bá gbé ife wá, ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ẹlẹ́kọ Under G (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀kọ mímu àti àkàrà ni mò ń tà ní Under G, ìtòsí yunifásítì LAUTECH níbí. Ó ti lé ní ọdún mọ́kànlá. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo máa ń dáná, tó bá fi máa di aago méje, àwọn ọmọ ilé ìwé á ti tò síwájú mi. Tí ilé ìwé bá wọlé, mo lè ta fún èèyàn 120 kí oòrùn tó mú. Tí wọ́n bá wà nínú ìsinmi, nǹkan bí 40 ni.

Ọ̀rọ̀ ife ló gbé mi wá. Nígbà tí ìyá mi ń ta ẹ̀kọ ní Ọjà Igbó, abọ́ ni gbogbo èèyàn ń gbé wá. Ọmọdé á gbé abọ́ tánganran láti ilé, á fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ìyá mi á sì fi ìgbakọ bu ẹ̀kọ sí i. Nígbà tí èmi bẹ̀rẹ̀ tèmi, ọ̀rá ni mo bá lóde. Mi ò fẹ́ràn ọ̀rá rí. Ẹ̀kọ gbígbóná kò yẹ ọ̀rá, ó máa ń rọ̀, ó sì máa ń jó èèyàn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi bọ́ sórí ife oníke tí wọ́n ń mu sọnù. Mo rò pé mo ti ṣe dáadáa.

Lóṣù kẹsàn-án tó kọjá, òjò ńlá kan rọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Gọ́tà iwájú ìsọ̀ mi kún, omi ya wọ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ba pépà rẹ̀ jẹ́, odindi ìdì mẹ́ta. Nígbà tí òjò dá, àwa méjèèjì mú ṣọ́bìrì, a bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tó dí gọ́tà. Ife mi ni. Mo dá a mọ̀ torí èyí tó ní ìlà pupa létí ni mo máa ń rà, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń lò ó ní gbogbo àdúgbò wa. Bí mo ṣe ń kó o ni mò ń kà á. Mo kà á dé 83 kí n tó ṣíwọ́. Ọkùnrin yẹn kò sọ nǹkan kan sí mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Owó rẹ̀ náà kò kéré. ₦2,400 ni ìdì ife 50 báyìí, ìyẹn ni pé ₦48 ni ife kan, ₦300 sì ni mò ń ta ẹ̀kọ ife kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún èèyàn 120: ó lé ní ₦5,700 lójúmọ́ tí mò ń fi ra nǹkan fún gọ́tà.

Ni mo bá ní kí ọmọ mi obìnrin kọ ọ́ sára páálí pé, "Gbé ife rẹ wá, kí o ra ẹ̀kọ ní ₦280." A gbé e kọ́ síwájú ìsọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, èèyàn mẹ́fà péré ló gbé ife wá. Mẹ́rin nínú wọn ń gbé ilé tó wà lẹ́yìn mi, àwọn wọ̀nyẹn ti ń gbé abọ́ wá tipẹ́tipẹ́.

Mi ò fẹ́ ni àwọn ọmọ yìí lára o. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀kọ mi ló máa gbé e di alẹ́. Kí ni mo lè fún wọn, àbí ọgbọ́n wo ni mo lè dá, tí gbígbé ife wá á fi wù wọ́n?

Akẹ́kọ̀ọ́ Adénìkẹ̀ẹ́

Ẹ káàárọ̀ mà. Mo ti ra ẹ̀kọ lọ́dọ̀ yín láìmọye ìgbà, mo sì wà lára àwọn tí kò gbé ife wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á, láìfi nǹkan kan pamọ́.

Mo rí páálí yẹn. ₦20 kò sọ nǹkan kan sí mi lọ́kàn. Bí mo bá san owó bébà, ta ni yóò rí ṣéńjì ₦20 fún mi láàárọ̀? Bí mo bá sì fi fóònù san án, ọwọ́ mi ti mọ́ ₦300, mo ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó rántí pé páálí kan wà.

Èyí tó le jù ni fífọ̀. Aago mẹ́jọ ni kíláàsì àkọ́kọ́ mi. Bí mo bá kúrò lọ́dọ̀ yín, mi ò padà sílé mọ́ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀kọ á ti gbẹ mọ́ ife, á ti kan, á máa rùn nínú báàgì láàárín ìwé. Ilé tí mò ń gbé, orí ìlà la ti ń pọn omi kànga.

Tí mo bá lè jókòó mu ún lọ́dọ̀ yín, kí n sì rí omi fi ṣan ife kí n tó lọ, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ó yá mi lára ju ₦20 lọ, mà.

Ọmọ Òyọ́ ní Cardiff

Ẹ kú làálàá, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ Òyọ́ ni mí, Cardiff ní Wales ni mò ń gbé, mo sì ti ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọfí kí n tó parí ẹ̀kọ́ mi níbí. Ohun tí ẹ rí yìí, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti rí i. Ó pẹ́ tí Starbucks, ilé iṣẹ́ kọfí ńlá kan, ti ń yọ sẹ́ǹtì 10 ní Amẹ́ríkà fún oníbàárà tó bá gbé ife tirẹ̀ wá, síbẹ̀ ife àlòsọnù ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn oníbàárà wọn ṣì ń gbé jáde.

Ní yunifásítì ìlú wa níbí, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Wouter Poortinga dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní 2016, ní ibi 12 tí wọ́n ti ń ta kọfí, ní yunifásítì àti ní ilé iṣẹ́. Yíyọ owó fún ẹni tó gbé ife wá kò yí ohunkóhun padà. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ya owó ife àlòsọnù sọ́tọ̀, tí ẹni tó bá fẹ́ ẹ á san án, lílo ife tó ṣeé fọ̀ fi ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè. Pínpín ife tó dáa lọ́fẹ̀ẹ́ gbé e gòkè pẹ̀lú 4.3. Tí wọ́n bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ife ọ̀fẹ́, owó ife lọ́tọ̀, àti ọ̀rọ̀ ìyànjú lára ògiri, ó lè dé 12.5. Kò pọ̀ bí èèyàn ṣe lè rò, àmọ́ òótọ́ ni, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n ṣáájú kí ọkàn yín má baà rẹ̀wẹ̀sì.

Owó kan náà ni, mà. Èyí tí wọ́n bá yọ fún ọ, ojú rẹ lè má kà á sí. Èyí tó bá jáde lápò rẹ, wàá mọ̀ ọ́n lára. Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti kọ ọ́ ní 1979 pé àdánù máa ń dun ọmọ èèyàn ju bí èrè tó bá a dọ́gba ṣe ń dùn mọ́ ọn lọ. Ìlú Tübingen ní Jámánì gbára lé irú ọgbọ́n yìí: láti oṣù kìíní 2022 ni wọ́n ti ń gba owó orí sẹ́ǹtì 50 lórí ife àlòsọnù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tìtorí rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, wọ́n sì dá ìlú náà láre.

Nítorí náà ẹ pa páálí yẹn rẹ́. Ẹ kọ "Ẹ̀kọ ₦250, ife ₦50" síbẹ̀. Ẹni tí kò gbé ife wá á san ₦300 tó ti ń san tẹ́lẹ̀. Ẹ kò fi kọ́bọ̀ kan lé e.

Ìyá Ẹlẹ́kọ Under G

Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Mo ka tìrẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ní kí ọmọ mi kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀kẹta. Pé kí n ya owó ife sọ́tọ̀, ó wọ̀ mí lọ́kàn. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi mọ sórí owó nìkan. Oníṣòwò ni mí, ọjà tí kò ní èènì, ìyá mi kò kọ́ mi ní irú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ife wá, mo fẹ́ bu ìdajì ìgbakọ lé tirẹ̀. Kò ná mi tó ife kan. Owó tí mo yọ, wọn kò rí i, àmọ́ èènì, ojú wọn ni mo máa bù ú sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Adénìkẹ̀ẹ́, ọmọ mi, o ṣeun tó o sọ òdodo fún mi. Ọ̀rọ̀ omi yẹn kò sí lọ́kàn mi rárá. Mo ń rò ó.

Bàbá Akẹ̀sán

Ìyá Ẹlẹ́kọ, mo kí ọ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Òyọ́ níbí, mo ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi wà ní kékeré, tí wọ́n bá fẹ́ ra mínírà, ìgò òfìfo ni wọ́n á kọ́kọ́ wá kiri ilé. Bí wọn ò bá rí ìgò, wọ́n á fi owó ìgò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tó ń tà á. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá ìgò padà, ìyá náà á dá owó wọn padà. Kò sí ẹni tó wàásù fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sára páálí. Ìgò kì í sùn nínú gọ́tà nígbà yẹn. Ọmọdé tó bá rí ìgò nílẹ̀ á sáré gbé e, torí owó ni. Ìgbà tí mínírà kúrò nínú ìgò bọ́ sínú ike ni gọ́tà Akẹ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Ojú mi ló ṣe.

Ẹ wo ẹlẹ́mu pẹ̀lú. Igbá tirẹ̀ ni gbogbo wa fi ń mu, ìdí ẹmu la sì ti ń mu ún. Ta ló gbé igbá ẹlẹ́mu lọ sílé rí?

Ohun tí mò ń sọ ni pé, gbogbo yín ń rò ó bí oníbàárà ṣe máa gbé ife tirẹ̀ wá. Ife tìrẹ ni kó jẹ́, ìyá. Ní ife tó dáa, gba owó ìdógò lé e lórí, kí wọ́n gbé e lọ. Owó wọn tó wà lọ́wọ́ rẹ ni yóò máa rán wọn létí.

Ọmọ Òyọ́ ní Cardiff

Ẹ ṣeun, bàbá wa. Ohun tí àwa fi ìgò ṣe nígbà náà ni wọ́n ń fi ife ṣe báyìí ní Yúróòpù. Freiburg ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2016: yúrò kan ni ìdógò nígbà náà, ṣọ́ọ̀bù kọfí tó bá wà nínú ètò náà ló ń gba ife padà. Ní Aarhus, ní Denmark, wọ́n gbé ẹ̀rọ sí ìgboro ní 2024. Kúrónà 5, owó wọn níbẹ̀, ni ìdógò ife nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ló ń gbé ife mì, á sì dá owó padà fún ọ.

Ìlú Petaluma ní California pín ife tiwọn fún gbogbo èèyàn ní ọdún yẹn kan náà fún oṣù mẹ́ta, láìgba ìdógò kankan. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì tó padà. Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ gba ìdógò.

Nọ́ọ̀sì Sábó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìmọ́tótó nítorí àrùn onígbáméjì. Ìgbakọ yín kò gbọ́dọ̀ kan ara ife tí wọ́n gbé wá láti ilé. Ẹ kọ́kọ́ bù ú sínú jọ́ọ̀gì tiyín, kí ẹ dà á láti òkè. Fún ife tiyín, bàsíà mẹ́ta: ọ̀kan olómi ọṣẹ, méjì fún ṣíṣàn, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà kó tó dọ̀tí. Ẹ dojú ife dé kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́. Ẹ má fi aṣọ nù ún, aṣọ kan náà tí ẹ fi nu ogún ife ti di nǹkan mìíràn. Ẹ má sì lo ife ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ẹ̀kọ tó ń hó.

Ìyá Ẹlẹ́kọ Under G

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ní kí n wá jíyìn.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ kò rọrùn. Ọmọkùnrin kan ní mo ti fowó lé ọjà. Mo ní kó ka ₦250 àti ₦50 pọ̀ lójú mi, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ohun tí mi ò retí ni àwọn tó ní, "Màmá, mi ò fẹ́ ife, ẹ rọ ọ́ sínú ọ̀rá fún mi." Mo kọ̀. Bí mo bá gbà á, gọ́tà kan náà ni mò ń kún. Èèyàn bíi mẹ́jọ ló yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mẹ́ta ti padà.

Èènì ló mú wọn jù. Bí mo bá ti bu ìdajì ìgbakọ lé ti ẹnì kan, àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ á béèrè ohun tó ṣe. Mo tún gba kàádì lọ́wọ́ alájọ mi, àwọn tó ṣẹ́ kù nínú ti ọdún tó kọjá. Ẹni tó bá gbé ife wá, mo fa ìlà sí i bí alájọ ṣe ń fà á. Ìlà mẹ́wàá, àkàrà mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọbìnrin fẹ́ràn rẹ̀, wọn kì í jẹ́ kó sọnù. Ní ti àwọn ọkùnrin, ọ̀pọ̀ ti sọ kàádì nù kí ìlà mẹ́rin tó pé.

Omi: ọkùnrin tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti tó oṣù kan tí mi ò lè wo ojú rẹ̀ dáadáa. Mo lọ bá a, mo ṣàlàyé, mo sì bẹ̀ ẹ́ fún ohun tó ṣẹlẹ̀ sí pépà rẹ̀. Ó ní kí n fa rọ́bà omi wá síwájú, kí n máa san ₦500 lọ́sẹ̀. Àwọn ọmọ ń jókòó mu ẹ̀kọ báyìí, wọ́n ń fọ ife wọn, wọ́n ń lọ.

Ti ìdógò tí bàbá wa sọ ni mo fẹ́ sọ jù. Mi ò ní owó tí mo lè fi ra ife 40. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé obìnrin ìjọ wa, ìyá kan sì dìde, ó ní, "Ṣé ife ìnáwó ni, àbí òmíràn?" Ta ni kò ní in nílé? Gbogbo ìsìnkú, gbogbo ọjọ́ ìbí, gbogbo ìṣílé, tánganran aláwòrán ni wọ́n ń pín. Inú páálí ló ń wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù títí eruku á fi bò ó. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó 39 wá. Èmi náà gbé ọ̀kan kún un, èyí tí a ṣe nígbà tí a sin ìyá mi. Àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó wé gèlè aṣọ òkè. Ó kọ́kọ́ ṣe mí bákan láti gbé e sílẹ̀ fún ẹni tí mi ò mọ̀. Mo gbé e sílẹ̀, mo tún mú un, mo tún gbé e sílẹ̀.

₦200 ni ìdógò. Nínú 40, 36 ti lọ tó ti bọ̀, òmíràn ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Mẹ́rin kò tíì dé, owó wọn ṣì wà nínú agolo lọ́dọ̀ mi. Ife ìyá mi wà lára àwọn tó pẹ́ jù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mi ò fi rí i, mi ò sì rántí ẹni tó gbé e lọ. Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, ọmọkùnrin kan gbé e wá, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó fi pépà wé e. Ó ní orí tábìlì tí òun ti ń kàwé ni òun gbé e sí, pé bí ìyá àgbà yẹn ṣe ń wo òun, òun kò lè jù ú síbikíbi. Ó béèrè ẹni tó jẹ́. Mo ní ìyá mi ni, pé ẹ̀kọ lòun náà tà, ní Ọjà Igbó. Ó gba ₦200 rẹ̀, ó tún dá a padà fún mi, ó ní kí n tún fi ife yẹn bu ẹ̀kọ fún òun.

Ife àlòsọnù tí mò ń lò ti wálẹ̀ láti 120 sí nǹkan bíi 65 lójúmọ́ tí ilé ìwé bá wọlé. Mo ṣì fẹ́ kó wálẹ̀ sí i. Ẹni tó bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní ife ìnáwó tí kò lò, mo wà ní ìsọ̀ mi títí di aago mọ́kànlá láàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó ní ọwọ́ tí wọ́n lè fi dì í mú ni kẹ́ ẹ gbé wá o, torí ẹ̀kọ gbóná.